Ìdí tí ọmọ asùnta kì í fi í rọrùn láti kúrò ní ìgboro

Kì í sábà jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ ń kúrò nílé. Á kọ́kọ́ máa jáde lọ wá owó, á sì máa padà wálé sùn. Bí òbí bá kú, tàbí tí lílù nínú ilé bá pọ̀ ju oúnjẹ lọ, alẹ́ kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di ọ̀sẹ̀, ó di asùnta nìyẹn. Ẹni tó bá rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lè rò pé bó bá ti rówó díẹ̀ jọ, ọ̀nà á là. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgboro kì í jẹ́ kí ọmọdé tọ́jú ohunkóhun di ọjọ́ kejì.

Ẹ wo owó ná. Ọmọ tó ń ṣa ike, tó ń ru ẹrù tàbí tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ ń rówó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní ilẹ̀kùn tó lè tì. Owó tó bá bá a sùn, àwọn tó dàgbà jù ú lọ á gbà á lójú oorun, ìdí nìyẹn tó fi ń ná an tán kílẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó ń wò ó lókèèrè a máa pè é ní ìnákúnàá, wọn ò ro ti pé oúnjẹ tó ti dénú ẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò lè gbà mọ́. Àwọn mìíràn ń san lára owó náà fún ọ̀gá kan tó ti pẹ́ ládùúgbò, kó lè máa dáàbò bò wọ́n. Ọ̀gá yìí kan náà ló ń lù wọ́n bówó ò bá pé, síbẹ̀ ewu ọmọ tó dá wà pọ̀ ju ti wọn lọ.

Oorun ni àdánù tí wọn kì í kà sí. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Ó ṣòro kí ọmọ tó wà lábẹ́ afárá rí tó bẹ́ẹ̀ sùn. Ọ̀pọ̀ ń fojú mọ́jú, wọ́n á wá sùn lọ́sàn-án níbi tí èrò pọ̀ sí, torí ibẹ̀ ló ṣòro láti ṣe wọ́n níkà. Àwọn tó ń kọjá á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Àìsùn yìí, pẹ̀lú ebi àti òtútù, ló ń ti àwọn kan sídìí gọ́ọ̀mù fífà símú. Ó ń mú ara kú fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ jẹ́.

Àwọn ọmọbìnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú títì. Ìbẹ̀rù ìfipábánilòpọ̀ ń mú kí wọ́n fara pamọ́, ìfarapamọ́ náà ni kì í jẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ rí wọn.

Bí ọlọ́pàá bá wá kó wọn, ọmọ tí kò níwèé ìbí ò lè fi hàn pé ọmọdé lòun, wọ́n sì lè tì í mọ́ àgbàlagbà. Lọ́dún 2017, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ ọmọdé ní kí àwọn ìjọba fagi lé òfin tó sọ títọrọ owó àti rírìn kiri di ẹ̀ṣẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ gan-an, torí kíkó tí wọ́n ń kó wọn ń tú àwọn ọ̀rẹ́ tó ń ṣọ́ ara wọn ká ni, ó sì ń lé wọn lọ síbi tó ṣókùnkùn jù.

Òṣìṣẹ́ tó ń ran àwọn ọmọ asùnta lọ́wọ́, tó bá mọṣẹ́, kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Yóò máa lọ síbì kan náà léraléra títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n, á sì fún wọn níbi tí wọ́n ti lè wẹ̀, tí wọ́n ti lè sùn lọ́sàn-án, tí wọ́n sì lè kó ẹrù pamọ́ sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹbí ń wáyé. Bí wọ́n bá dá ọmọ padà láìtún ohun tó lé e jáde ṣe, ó sábà máa ń tún jáde, kì í sì í gbọ́kàn lé ẹni tó dá a padà mọ́.