Bí ìtọ́jú aláboyún ṣe ń lọ nínú ìdílé ológun Amẹ́ríkà

Ohun tó ń dá aláboyún tó fẹ́ sójà Amẹ́ríkà láàmú jù, ìwé ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ owó. Tí ọkọ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ìyàwó sì wà lórí TRICARE Prime, kò ní san kọ́bọ̀ fún ìtọ́jú oyún àti ìbímọ bó bá ṣáà ti gba ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà nínú iṣẹ́ ológun lọ́hùn-ún dáadáa, ó sì ń dunni bí ọ̀pọ̀ ò ṣe mọ ọ̀nà yẹn.

TRICARE ni inṣọ́ránsì ìlera àwọn ológun àti ará ilé wọn, Prime àti Select sì jẹ́ méjì lára ètò tó wà nínú ẹ̀. Lórí Prime, wọ́n á yan dókítà kan fún èèyàn, PCM ni wọ́n ń pè é, òun ló máa kọ rẹ́fáràlì, ìyẹn ìwé tó ń darí èèyàn, lọ sọ́dọ̀ dókítà aláboyún, tí ọsibítù ológun tó ń gbẹ̀bí bá sì wà nítòsí, ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò bóyá àyè wà kí wọ́n tó ní kó lọ sọ́dọ̀ dókítà ìta tí kì í ṣe ti ológun. Ìlànà ní kí ọ̀dọ̀ dókítà yẹn má jù wákàtí kan nínú mọ́tò, kí wọ́n sì rí i láàárín ọjọ́ 28, torí náà ẹni tí wọ́n bá ní kó wá lóṣù méjì sí i lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Select ní tiẹ̀, èèyàn á fúnra ẹ̀ wá dókítà láìgba rẹ́fáràlì, àmọ́ ó máa yọwó díẹ̀.

Ibi tó ti ń dojú rú ni tí wọ́n bá ní kí wọ́n kó lọ sí ibòmíì. Ká ní níéfì ni, wọ́n gbé ọkọ kúrò ní San Diego lọ sí Norfolk, oyún sì ti wọ oṣù keje. Ẹkùn méjì ni TRICARE pín Amẹ́ríkà sí, ilé iṣẹ́ kan ló sì ń bójú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan: San Diego wà lábẹ́ ẹkùn West tí TriWest ń bójú tó látọdún 2025, Norfolk wà ní East lọ́wọ́ Humana Military, wọ́n á gbé orúkọ lọ sẹ́kùn tuntun, gba PCM tuntun, ìyẹn á tún wá kọ rẹ́fáràlì tuntun, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá yẹn. Àwọn ọsibítù ológun ti ń lo rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà báyìí, MHS GENESIS, dókítà ní ọsibítù níéfì tó wà ní Portsmouth, nítòsí Norfolk, lè rí ohun tí ti San Diego kọ. Ẹni tí dókítà ìta ń tọ́jú ló gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà dání kó tó wọkọ̀: scan, àbájáde ẹ̀jẹ̀, àkọsílẹ̀ ìfúnpá, pàápàá ìwé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ti fi gbẹ̀bí ẹ̀ rí, torí dókítà tuntun ò gbọ́dọ̀ máa méfò lórí ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí Prime bọ́ sí Select, òpin ọdún ni wọ́n ń ṣí i, àbí láàárín ọjọ́ 90 tí nǹkan bí ìgbéyàwó, ìbímọ tàbí kíkó lọ bá ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí oyún nìkan ò ti sí lára wọn, èyí ò dáa rárá, àwọn aṣòfin kan tiẹ̀ ti gbé àbá wá lórí ẹ̀. Látọdún 2022 ni wọ́n ti ń dán ètò kan wò tó ń sanwó doula, ìyẹn obìnrin tó máa ń dúró ti aláboyún nígbà ìrọbí.

Tọ́mọ bá dé, ọjọ́ 90 ni wọ́n ní láti fi orúkọ ẹ̀ sínú DEERS, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí TRICARE, 120 tó bá jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, ológun gan-an ló sì máa buwọ́ lù ú. Bó bá máa wà lójú òkun nígbà yẹn, kó ti fi power of attorney, ìyẹn ìwé tó máa jẹ́ kí ìyàwó lè buwọ́ lùwé lórúkọ ẹ̀, sílẹ̀ fún ìyàwó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.