Adìyẹ àbùlà ló ń jẹ́, ẹ fi àmúlùmálà sílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ pe adìyẹ háíbírìdì, èyí tí ìran bàbá ẹ̀ yàtọ̀ sí ìran ìyá ẹ̀, ní "adìyẹ àmúlùmálà"? Mo ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé àwọn ọlọ́sìn, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta ọmọ adìyẹ ní Tákìé n'Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé báyìí. Àmúlùmálà! Ọ̀rọ̀ tá a fi ń bú ẹni tó ń sọ Yorùbá tó ń ki Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́, òun lẹ wá gbé lé adìyẹ tí àwọn èèyàn jókòó tì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí i ṣe. Ẹni tó ṣe é mọ bàbá ẹ̀, ó mọ ìyá ẹ̀, ó mọ bàbá tó bí bàbá ẹ̀, inú ìwé ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Èwo ni àmúlùmálà níbẹ̀?

Àwọn kan ní àdàlú. Ìyẹn tiẹ̀ sàn díẹ̀, àmọ́ ẹ̀wà àti àgbàdo inú àdàlú, ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ hó nínú ẹ̀ tí wọ́n fi jinná, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ìran bàbá àti ìran ìyá adìyẹ yìí. Àwọn tó ní ká kúkú máa sọ háíbírìdì lọ, mi ò bá wọn jà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń gbọ́ ọ, ariwo lásán ni.

Àbùlà ni mo ń pè é ní tèmi. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní oyin àbùlà ńkọ́, epo àbùlà ńkọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti bu nǹkan là á nìyẹn? Ẹ gbọ́ ná, ọmọ Ọ̀yọ́ wo, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo ló gbọ́ àbùlà tó jẹ́ pé epo ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn? Gbẹ̀gìrì wà nínú ìkòkò tiẹ̀, ewédú wà nínú tiẹ̀, orí àmàlà ni wọ́n ti ń pàdé, ibẹ̀ náà sì ni adùn ẹ̀ wà. Ẹ wá kó èyí tó ṣẹ́kù nínú abọ́ padà sórí iná kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ fi se gbẹ̀gìrì ọ̀la, ẹ ó rí nǹkan. Ẹni tó bá tún fẹ́ jẹ àbùlà lọ́la, ìdí ìkòkò méjèèjì ló máa padà sí. Bí adìyẹ yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ni ìran bàbá àti ìran ìyá ò jẹ́ kí wọ́n ríra àfìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹyin di ọmọ tí wọ́n máa tà. Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn á lágbára, á tètè dàgbà, gbogbo wọn á ṣe déédéé. Ọmọ tí àwọn ọmọ náà bá wá bí ni wàhálà.

Ẹ wo ISA Brown, adìyẹ ẹyin òyìnbó kan tó ń yé tó ẹyin 300 lọ́dún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa á jáde látinú ẹyin, àwọ̀ ni wọ́n fi ń ya akọ sọ́tọ̀ lára abo: èyí tó pọ́n labo, èyí tó funfun lakọ, torí bàbá tó ní àwọ̀ pupa ni wọ́n fún ìyá tó ní funfun, ìyá ò sì lè fún ọmọbìnrin ẹ̀ ní funfun yẹn, ọmọkùnrin nìkan ló ń gbà á. Ẹ wá mú akọ àti abo ISA Brown kí ẹ pa ẹyin wọn: funfun á wà nínú akọ, á wà nínú abo, pupa náà bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ò lè sọ nǹkan kan fún yín mọ́. Mo dé ilé màmá kan lápá Arówómọlé tó gbìyànjú irú ẹ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn jáde látinú ẹyin, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, ọ̀kan ti ń fò sórí pákó, èkejì ẹ̀ ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Wọ́n ní bóyá ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Mo ní màmá, kò sáyé níbẹ̀ o, àbùlà lẹ tún gbé kaná.

Noiler tí wọ́n ń pa ẹyin ẹ̀ ní Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́ náà, tó wà fún ẹran àti ẹyin, àbùlà ni. Adìyẹ tó dáa ni, mi ò bú u, ẹ ṣáà máa lọ ra ọmọ tuntun.

Adìyẹ ìran lèyí tí kì í ṣe àbùlà. Èyí tí wọ́n ń pè ní heritage l'Amẹ́ríkà, akọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gun abo fúnra ẹ̀, kó pẹ́ láyé, kó má sì tètè dàgbà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 16 kó tó tó pa jẹ. Tiwa náà wà nílé: abọ́lọ́rùn tí ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú, aṣá tí ìyẹ́ ẹ̀ ká sókè, òpìpì, arúpẹ̀. Wọ́n lè bí dúdú bí funfun, àmọ́ bí ìyá ṣe ń ṣe lọmọ ń ṣe, á jẹ̀ fúnra ẹ̀, á sàba fún ọjọ́ 21 láìsí iná NEPA, á sì kó àwọn ọmọ ẹ̀ sá fún àwòdì. Ẹyin wọn ò pọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń rẹ́ wọn jẹ. Adìyẹ ẹyin tòyìnbó ńkọ́? Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ sàba kúrò lára ẹ̀ tán, torí adìyẹ tó bá ń sàba kì í yé.

Ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ ò ju pulọ́ọ̀tì kan lọ, tó fẹ́ ẹyin tó tún fẹ́ ẹran, kó ní àgbébọ̀ ìbílẹ̀ mélòó kan àti àkùkọ tiwọn, kó máa pààrọ̀ àkùkọ náà kó má bàa máa gun ọmọ ara ẹ̀. Èyí tó máa yé ẹyin tà, kó máa ra àbùlà. Tó bá sì wù ú kó fi àkùkọ òyìnbó gun àgbébọ̀ ilé, ó dáa náà, ọmọ wọn á tóbi, ẹran ẹ̀ á le dáadáa lẹ́nu, ṣùgbọ́n kó má dá ìkankan nínú àwọn akọ yẹn sí láti fi gun ìyókù, kó ti tà wọ́n tán kí Kérésì tó kọjá.