“Ilẹ̀ wa gbóná” kò ní ká yọ thermostat dànù

Bí Corolla tàbí Camry tó ti lé lógún ọdún bá ń mu epo ju bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé ẹ́ńjìnnì ti gbó. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì yín pé thermostat rẹ̀ dà, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀, tó sì ń tì í. Ní Adó o, ní Ìkẹ́rẹ́ o, ní Ìdó o, èsì kan náà lẹ máa sábà gbọ́: “Dádì, a ti yọ ọ́ jù nù. Àwọn òyìnbó ló ń lò ó nítorí òtútù. Ilẹ̀ tiwa gbóná.”

Irọ́ ni, bó tilẹ̀ dùn létí. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 35°C lọ. Omi inú ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 90°C kí iṣẹ́ tó lọ bó ṣe yẹ. Oòrùn Èkìtì wo ló fẹ́ dí àlàfo yẹn? Àní àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Saudi Arabia, níbi tí ooru ti ju tiwa lọ fíìfíì, thermostat wà nínú wọn.

Ìda ló wà nínú nǹkan kékeré yìí. Tí omi bá ṣì tutù, ó máa dí ọ̀nà rédíétọ̀ pa kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná. Tí omi bá wá tó bí 82 sí 88°C, ìda á yọ́, á wú, á sì ti ọ̀nà ṣí. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, omi á ti máa gba rédíétọ̀ kọjá látìgbà tí ẹ bá ti ṣáná. Àwọn kan á tún wá so fáànù ní dírẹ́ẹ̀tì lé e, kó máa fẹ́ láìdúró! Sẹ́ńsọ̀ á máa sọ fún brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, pé ara ẹ́ńjìnnì ò tíì yá, brain box á sì máa da epo kún un. Ṣe ló dà bí Peugeot 504 àtijọ́ tí dírẹ́bà fa ṣóòkì rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí epo pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tútù, láàárọ̀, tí kò sì rántí dá a padà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òkè ilẹ̀ wa máa ń tú u fó. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n lọ sọ́nà Ìwàràjà, ẹ wo abẹ́rẹ́ ooru. Bó bá ń wálẹ̀ sí ọ̀dọ̀ C, ìyẹn ibi tútù, ó ṣeé ṣe kí thermostat má sí níbẹ̀, tàbí kí ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ ṣáná, kí ẹ fọwọ́ kan rọ́bà òkè rédíétọ̀. Tí thermostat bá wà, rọ́bà náà á tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà á gbóná lójijì. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò lè gbé kóòdù P0128 jáde pẹ̀lú, ìyẹn ni pé omi ẹ́ńjìnnì ò gbóná tó bó ṣe yẹ.

Kí n má purọ́ mọ́ àwọn mẹkáníìkì wa, ojú wọn ló rí i. Omi kànga tí à ń dà sí rédíétọ̀ dípò coolant máa ń dípẹtà, thermostat á há ní títì, ọkọ̀ á máa hó. Wọ́n yọ ọ́, híhó dáwọ́ dúró. Àmọ́ èyí tó há ló ṣẹ̀, tuntun ló sì yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, thermostat yìí kan náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi ń gbà padà láì dé rédíétọ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ọkọ̀ tún lè gbóná jù lórí òkè.

Bí thermostat bá wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ sì le, àmọ́ tí ọkọ̀ ṣì ń mu epo jù, ẹ wá yẹ pọ́lọ́ọ̀gì, fíltà afẹ́fẹ́, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn àti búréèkì tó ń di táyà mú wò. Ẹ má sì tìtorí epo fi ọkọ̀ sí fíríì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní brain box máa ń dá epo dúró fúnra rẹ̀ tó bá wà nínú jíà tí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù.

Tí ẹ bá ra thermostat, pàápàá tòkúnbọ̀, ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Èyí tí ò bá là kí omi tó hó, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.