Ìpinnu àtinúwá lẹ́nu ìtọ́jú oògùn olóró

Ohun tó ń mú kéèyàn fẹ́ gba ìtọ́jú, kó sì dúró tì í, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "motivation". "Mọtifésàn" tí àwọn kan ń kọ fún un kò sọ nǹkan kan fún ìyá tí tramadol ti di bárakú fún ọmọ rẹ̀. "Ìwúrí" tí àwọn mìíràn fi rọ́pò rẹ̀ tún burú jù. Ìwàásù àìsùn ló ń wúni lórí. Ilẹ̀ mọ́, ó ti rọlẹ̀. Ìpinnu àtinúwá ni mo ń lò, mi ò sì ní yí i.

Wọ́n ní àtinúwá kò bá ẹni tí mọ̀lẹ́bí wọ́ lọ sí ọsibítù mu. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣì í. Ẹni tí wọ́n fipá mú wá náà lè jàǹfààní ìtọ́jú, nítorí lẹ́nu ìtọ́jú ni ìpinnu ti sábà máa ń sọ nínú ẹni. Bí iná igi tútù ló rí: èéfín ló kọ́kọ́ ń rú, àfi kéèyàn máa fẹ́ ẹ, kó máa ti igi bọ̀ ọ́.

Ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí William Miller, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, kọ jáde ní 1983 nítorí àwọn ọ̀mùtí ni wọ́n fi ń fẹ́ iná ìpinnu yìí. Olùdámọ̀ràn kì í bá aláìsàn jiyàn. Bó bá ń ro ẹjọ́ ìtọ́jú, aláìsàn á máa gbèjà oògùn. Olùdámọ̀ràn á bi í pé: "Láti òdo dé 10, báwo ni jíjáwọ́ ṣe ṣe pàtàkì sí yín tó?" Tó bá mú 4, kò ní bi í pé kí ló dé tí kò tó 9. "Kí ló dé tí ẹ ò fi mú òdo?" ni ìbéèrè. Aláìsàn lè fèsì pé: "Ìyàwó mi ti ń kó ẹrù." Ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ yìí ló ń dè é mọ́ ìtọ́jú.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ọ̀sẹ̀ kejì. Ara ríro àti ìgbẹ́ gbuuru tí jíjáwọ́ fà ti ń lọ, aláìsàn ní ara òun ti le, ó fẹ́ máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú tí kò bá tó 90 ọjọ́ kì í sábà mú nǹkan dúró. Ewu ńlá sì wà níbẹ̀: ara ti gbàgbé oògùn, ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan lè dá èémí rẹ̀ dúró báyìí. Ẹ̀yin olùtọ́jú, ẹ kìlọ̀ èyí fún un, kí ẹ kìlọ̀ fún ará ilé náà.

Kó má kúrò ní ọsibítù láìmọ ọjọ́ tó máa padà wá. Ẹ pè é lórí fóònù nígbà tó bá ku ọ̀la, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ní owó ọkọ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń tìtorí rẹ̀ jókòó sílé. Bí kò bá wá, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ pè é, láìsí èébú. Bó bá sì tún lo oògùn, ẹ má lé e. Ẹ tún ìtọ́jú rẹ̀ tò.