Àgbàdo Inú Omi Tí Òǹgbẹ Ń Gbẹ

Òjò oṣù kẹsàn-án rọ̀ mọ́jú lórí àkùrọ̀ tí mo ń dá lẹ́bàá Odò Ọ̀nà, n'Íbàdàn níbí. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, omi ti kún poro, ó ti bo ìdí àgbàdo. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ewé ti rọ jọwọlọ. Ìyá tó ń gbin ewédú nítòsí wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, àgbàdo tó wà nínú omi, òǹgbẹ ló tún ń gbẹ ẹ́ yìí?"

Òǹgbẹ ni o. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní fermentation, ohun kan náà tó ń mú ògì kan, tó ń mú ẹmu le.

Gbòǹgbò ń mí. Àárín erùpẹ̀ ni ọ́síjìn ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́. Bí omi bá dí àwọn ihò yẹn, wàhálà dé, torí pé ọ́síjìn ń falẹ̀ nínú omi tó bí ìlọ́po 10,000 ju bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Gbòǹgbò tó ń mí dáadáa máa ń rí nǹkan bí 30 ATP, ìyẹn agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná, lára hóró ṣúgà kan. Láìsí ọ́síjìn, 2 péré ni.

Méjì yẹn pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ wo ọjà Bódìjà: alábàárù á gbé ẹrù, á sọ̀ ọ́ sídìí mọ́tò, á padà wá gbé òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì ní alábàárù tirẹ̀, NAD lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń gba ẹrù lára ṣúgà bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ. Ọ́síjìn ni mọ́tò tó ń kó ẹrù náà lọ níkẹyìn. Bí mọ́tò ò bá wá, gbogbo alábàárù á dúró tẹrù-tẹrù lórí, iṣẹ́ á dá. Fermentation ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń rí ibòmíràn sọ ẹrù sí.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ògì: wọ́n á sọ ẹrù náà lé ohun tó kù lára ṣúgà, á di lactic acid, inú sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Kíkan yẹn ló ń ṣí ọ̀nà kejì, ti ẹmu: ó ń jí pyruvate decarboxylase, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Èyí á yọ afẹ́fẹ́ kan náà tó ń hó lẹ́nu agbè ẹmu jáde, á ku acetaldehyde, tó jẹ́ májèlé. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, alcohol dehydrogenase, tí wọ́n ń pè ní ADH, kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀: á gba ẹrù lórí alábàárù, á gbé e lé májèlé náà, ó di ọtí. Ọtí náà á sì máa jò jáde sínú omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu ẹmu, àwọn ẹ́ńsáìmù méjèèjì yìí náà ló ṣe é fún yín.

Àgbàdo tí kò ní ADH1, ìyẹn oríṣi àkọ́kọ́ nínú ADH rẹ̀, kì í pẹ́ kú tí omi bá mù ún. Àwọn tó ní in máa ń dá púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn dúró, bí ogún oríṣi purotéènì ni wọ́n á gbájú mọ́. ADH wà lára wọn. Nǹkan tí wọ́n rí ní 1980 nìyẹn.

Ìbéèrè ìyá wá ńkọ́? Kíkan inú sẹ́ẹ̀lì náà ló ń ti àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí omi ń gbà wọ gbòǹgbò. Omi yí i ká, kò rí i mu.

Ìrẹsì ní ọgbọ́n tó jù báyìí lọ. Ó ní ihò afẹ́fẹ́ láti ewé dé gbòǹgbò, àwọn mìíràn sì ní àbùdá SUB1A tí wọ́n rí ní 2006, tó ń jẹ́ kí wọ́n fara da bí ọ̀sẹ̀ méjì lábẹ́ omi: wọn ò ní sáré ga, wọ́n á ṣọ́ ṣúgà ná.

Ọgbọ́n àgbàdo ò tó ìyẹn. Ṣúgà tó fi ń pọntí yóò tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà mo gbé ọkọ́, mo la ojú omi láti poro títí dé etí odò. Mi ò da ajílẹ̀ sí i, torí gbòǹgbò tí kò lágbára ò lè fà á. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn tó wà lókè nàró. Mo fa ọ̀kan tu nínú àwọn ti ìsàlẹ̀ tí kò dìde: orí gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ mi.