Lẹ́yìn ìwé àṣẹ: bí nọ́ọ̀sì tuntun ṣe ń di ẹni tó lè dá dúró ní wọ́ọ̀dù

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́, ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe fírídọ́ọ̀mù àfi tí ọ̀gá bá ti rí i pé iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀. Fírídọ́ọ̀mù tirẹ̀ ló ń ṣáájú. Ó ṣe ìdánwò Council, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, ó yege, orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé wọn, òfin sì gbà pé nọ́ọ̀sì ni. Bẹ́ẹ̀, kò tíì sí òru kan tí wọ́ọ̀dù ọlọ́gbọ̀n bẹ́ẹ̀dì wà lọ́rùn rẹ̀ nìkan rí. Preceptorship tí wọ́n ń ṣe nílùú Gẹ̀ẹ́sì, residency ti Amẹ́ríkà àti internship tiwa níbí, ètò tí wọ́n fi ń tọ́ nọ́ọ̀sì tuntun sọ́nà ni gbogbo wọn, àárín ìwé àṣẹ àti òru yẹn ni wọ́n sì wà.

Kì í ṣe pé ilé ẹ̀kọ́ kò ṣiṣẹ́. Ọdún márùn-ún ni ẹni tó ń ka nọ́ọ̀sì ní yunifásítì ń lò, bíi ní UNIMED nílùú Oǹdó. Ó ń lọ sí wọ́ọ̀dù, ó ń wọn ìfúnpá, ó ń tọ́jú egbò, ó ń gún abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè tọ́jú aláìsàn méjì láàárọ̀, kó sì fi ọ̀sán kọ ìwé lé wọn lórí. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Dírípù bẹ́ẹ̀dì kẹrin ti fẹ́ tán. Wọ́n ń pè é láti tíátà pé kó wá gba ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Màmá bẹ́ẹ̀dì kọkànlá ní èémí òun kò já geere mọ́. Ẹbí aláìsàn kan sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fúláàsìkì, ó ń béèrè bóyá bàbá àwọn lè mu ẹ̀kọ. Èwo ló máa kọ́kọ́ dá lóhùn? Ìdánwò kì í béèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 1974, Marlene Kramer, nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí nǹkan ṣe máa ń rí fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú iṣẹ́ yìí. Inú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa dùn: yunifọ́ọ̀mù tuntun, owó oṣù tuntun. Lẹ́yìn náà ni ojú á là, á rí i pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kò bára mu, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bóyá iṣẹ́ yìí yẹ òun. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ á tún rẹ́rìn-ín, á sì wá ọ̀nà tirẹ̀ láti máa bá iṣẹ́ lọ. Kíkọjá ní àárín yẹn ni gbogbo ètò ọdún àkọ́kọ́ wà fún.

Preceptor ni ẹni tó ń mú un kọjá. Nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn gan-an ni, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń tọ́jú aláìsàn. Mátírọ́nù lè jókòó sí ọ́fíìsì kó máa ṣètò. Preceptor gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó mú ètò náà dúró kò ju rótà lọ: orúkọ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà papọ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Tí àgbà bá ń ṣe àárọ̀, tí ọmọ tuntun sì ń ṣe òru, kò sí preceptorship níbẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n ìbáà kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Àwọn aláìsàn tó wà lọ́wọ́ preceptor yẹn náà ni wọ́n jọ ń pín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ tuntun á máa wò. Láìpẹ́ á gba ẹyọ kan, àgbà á dúró tì í. Á gba méjì, á gba mẹ́ta, àgbà á wá wà nítòsí láìdúró tì í. Nígbà tó bá yá, gbogbo ẹrù ti wà lọ́wọ́ ọmọ tuntun, ọwọ́ àgbà sì ti ṣófo. Èyí ló le jù fún àgbà, torí pé yóò rí kánúlà tí òun ì bá ti fi wọ iṣan láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ọmọ tuntun ń wá iṣan fún kiri, yóò sì ní láti káwọ́ gbera. Ẹni tí kò bá lè káwọ́ gbera lè jẹ́ nọ́ọ̀sì àtàtà, àmọ́ kò lè tọ́ ẹlòmíì. Ìwé kan wà tí wọ́n kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, bíi fífún aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀, gbígba aláìsàn láti tíátà tàbí fífa ìtọ̀. Àgbà kì í buwọ́ lù ú títí á fi rí i tí ọmọ tuntun ṣe é dáadáa, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sọ ọ́ sí i létí.

Ẹ jẹ́ ká mú wọ́ọ̀dù aboyún. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti náwó sí ọ̀rọ̀ yìí: ètò Abíyẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ ní 2009, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ sì ṣílẹ̀kùn ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Tí gìrì bá gbé aboyún, magnesium sulphate ni oògùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàwé lè kà á lórí fún ẹ: gíráàmù 4 sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Kó tó gún èyí tó kàn, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ẹsẹ̀ obìnrin náà ń ta tí wọ́n bá lu orúnkún rẹ̀, pé èémí rẹ̀ kò dín sí 16 ní ìṣẹ́jú kan, àti pé ìtọ̀ rẹ̀ ń tó 30 mílílítà ní wákàtí kan. Tí oògùn yìí bá pọ̀ jù lára, ó lè dá èémí dúró.

Kí ló wá kù tí preceptor fẹ́ kọ́ ẹni tó ti mọ gbogbo èyí? Ó kù pé kí calcium gluconate, tó ń pa agbára oògùn náà, ti wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé. Ó kù pé kí ojú máa lọ sí àpò ìtọ̀ nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó le jù ni kó lè wo aago, kó rí i pé àsìkò abẹ́rẹ́ ti tó, kó sì má gún un, torí pé orúnkún kò ta.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá pe dókítà ní aago méjì òru. Ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ ilé á fẹ́ kọ́kọ́ kí i, á tọrọ àforíjì pé òun jí i, á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ, dókítà kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe. Ìlànà SBAR ni wọ́n fi ń wo èyí sàn. Ọ̀dọ̀ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń lo ọkọ̀ abẹ́ omi ló ti wá sí ilé ìwòsàn. Ohun mẹ́rin ni: kí ló ń ṣẹlẹ̀, kí ló ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni mo rí, kí ni mo fẹ́. Preceptor á ní kí ọmọ tuntun kọ́kọ́ sọ ọ́ fún òun kó tó tẹ fóònù:

“Ẹ kú iṣẹ́ sà, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù aboyún ni. Obìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹfà, orúnkún rẹ̀ kò ta mọ́. Gìrì gbé e lálẹ́ àná, ó wà lórí magnesium. Ìtọ̀ rẹ̀ láti wákàtí mẹ́rin kò tó 100 mílílítà, èémí rẹ̀ jẹ́ 14. Mo ti dá abẹ́rẹ́ tó kàn dúró, calcium gluconate wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó báyìí, sà.”

Ọ̀wọ̀ kò kúrò ńbẹ̀, “sà” ṣì wà ní ààyè rẹ̀, àmọ́ dókítà ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní Federal Medical Centre tó wà ní ìlú Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà Lassa, ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí àrùn yìí ti ń jà jù ní Nàìjíríà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wíwọ ìbọ̀wọ́, gáùnù àti ìbòjú kò ṣòro. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń bọ́ wọn, tó ti rẹ̀ ẹ́, tí òógùn bò ó, tó fẹ́ yára jáde, ni àrùn máa ń rí ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kejì fi ń dúró tì í, tó ń ka ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, tí kò sì ní gbà kó kánjú. Mélòó ni ilé ìwòsàn tó ní ẹnì kejì yẹn láti yà sọ́tọ̀?

Residency ti Amẹ́ríkà kó gbogbo èyí sínú ètò ọlọ́dún kan. Ní 2002 ni àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì kan àti ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ èyí tó gbajúmọ̀ jù. Orúkọ náà máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà níbí, wọ́n á rò pé bíi ti dókítà tó fẹ́ di kọ́nsọ́táǹtì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ti ní ìwé àṣẹ ni, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n sì sábà máa ń gbà á sí. Ó ń bá preceptor rìn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan (ti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn tí àìsàn wọn le gan-an máa ń gùn jù), lẹ́yìn náà á máa pàdé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù títí ọdún á fi parí. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní kúrò níbẹ̀ fún àkókò kan. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, NHS England, àjọ tó ń ṣàkóso ìlera ìjọba níbẹ̀, gbé ìlànà preceptorship tó kárí àwọn nọ́ọ̀sì jáde ní 2022, ó sì kan àwọn tó bá ti òkè òkun wá náà. Lọ́hùn-ún, kò sí pé “mo ṣì ń kọ́ṣẹ́”: láti ọjọ́ tí orúkọ nọ́ọ̀sì bá ti wọ ìwé ni yóò ti máa dáhùn fún ohun tó bá ṣe. Alátìlẹ́yìn ni preceptor, kì í ṣe ẹni tó ń gba ẹ̀bi rù.

Níbí, internship ọlọ́dún kan ni wọ́n là sílẹ̀ fún ẹni tó gboyè BNSc, ìyẹn oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń lọ sìnlú. Wọ́n ń gbé e káàkiri wọ́ọ̀dù: tọkùnrin, tobìnrin, tọmọdé, tíátà, pàjáwìrì. Ó dára torí pé ojú rẹ̀ á rí púpọ̀. Àmọ́ ó ní àléébù kan tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Patricia Benner, ọmọ Amẹ́ríkà, pín ìdàgbàsókè nọ́ọ̀sì sí ìpele márùn-ún ní 1984, láti ẹni tí kò mọ nǹkan kan títí dé ọ̀jáfáfá, ó sì fi hàn pé ọ̀jáfáfá wọ́ọ̀dù kan lè padà sí ìsàlẹ̀ tó bá dé wọ́ọ̀dù tí kò mọ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ tọmọdé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ intern lára ni rótà á gbé e lọ sí ibòmíràn, ọ̀dọ̀ àgbà mìíràn tí kò mọ ibi tó kù sí. Tí ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù kò bá bá a rìn láti wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, ìbẹ̀rẹ̀ ni á máa bẹ̀rẹ̀ ṣáá.

Ti ilé ìwòsàn aládàáni tún yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀ṣílíárì tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́, tí kò ní ìwé àṣẹ kankan, ló ń fi ọ̀nà han nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ́ níbẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́, ó lè gba ọdún púpọ̀ kó tó bọ́ lára rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, lóòótọ́, àmọ́ òwe yẹn kò sọ iye ọmọ tuntun tó wà lẹ́yìn àgbà kan ṣoṣo. Àwọn tó yẹ kó jẹ́ preceptor ni wọ́n jápa. Èyí tó kù ní aláìsàn tirẹ̀ tó pọ̀ ju agbára lọ. Tí wọn kò bá dín in kù nígbà tí wọ́n fún un ní ẹni tí yóò tọ́, ìjìyà ni wọ́n fún un. Ní oṣù kejì 2024, Council pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí òun fún ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ tó dúró gbọin. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde ṣe ìwọ́de ní Àbújá àti Èkó. Yálà èèyàn fara mọ́ òfin náà tàbí kò fara mọ́ ọn, ọdún méjì pẹ̀lú àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ọdún méjì ní òun nìkan kì í ṣe nǹkan kan náà, bẹ́ẹ̀ bákan náà ni Council yóò kà wọ́n.

Nítorí náà, nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìbéèrè yẹ kó máa ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ náà lọ. Ta ni a ó jọ máa ṣe dúùtì? Ṣé aláìsàn tirẹ̀ á dín kù? Ìgbà wo ni mo máa kọ́kọ́ ṣe òru, èèyàn mélòó la ó jẹ́ lóru yẹn? Ta ni mo lè pè? Ilé ìwòsàn tó bá lè dárúkọ ẹnì kan ti sàn ju èyí tó ní “gbogbo wa ni a máa ràn ẹ́ lọ́wọ́” lọ.

Níbi tí kò bá sí ètò kankan, nọ́ọ̀sì tuntun lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to díẹ̀ nínú rẹ̀. Kó mú àǹtí kan tàbí mátírọ́nù kan tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kó sì bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ lé àwọn tó gbà á lọ́wọ́: “Má, kí ni ẹ rí lónìí tí mi ò rí?” Kó ní ìwé kékeré kan nínú àpò, tí kò ní sí orúkọ aláìsàn kankan nínú rẹ̀, tí á máa kọ ìdáhùn sí. Kó sì tọ́jú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó ní déètì àti ìwé àṣẹ rẹ̀ sí ibi tí omi òjò kò lè dé, torí pé láti ọjọ́ tó wà lára ìwé àṣẹ yẹn ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún méjì fún un.