Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní àwọn iléèwé girama ìwọ̀-oòrùn Kogí

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni ìsọ̀rí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń kọ́ni ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan náà, tàbí àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó bá ara wọn tan, ní iléèwé girama. Olórí ẹ̀ka, tí gbogbo èèyàn inú ọgbà mọ̀ sí H.O.D., ló ń darí rẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá àgbà àti igbákejì ọ̀gá àgbà tó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́. Ẹ̀ka ló ń pín ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba sí sáà àti ọ̀sẹ̀, òun ló ń yẹ nóòtì olùkọ́ wò, òun náà ló ń ṣètò tẹ́ẹ̀sì, ìdánwò àti iṣẹ́ àfọwọ́ṣe.

Ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí àwọn Yorùbá Òkun pọ̀ sí, ẹ̀ka tí olùkọ́ kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú kò wọ́pọ̀. Òmíràn kò ju olùkọ́ méjì lọ. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni olórí, òun náà ni ọmọ ẹ̀yìn. Ohun tó ń fi ẹ̀ka tó múná dóko hàn níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ iye olùkọ́. Ohun tí ẹ̀ka kọ sílẹ̀ tó sì tọ́jú ni, nítorí olùkọ́ ń ṣípò padà, agùnbánirọ̀ ń lọ, ọmọ tuntun sì ń wọlé lọ́dọọdún.

Agbègbè náà àti àwọn iléèwé rẹ̀

Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ láti ara Kwara àti Benue. Apá Kwara ni ilẹ̀ Òkun ti wá. Àgbègbè sẹ́nétọ̀ ìwọ̀-oòrùn Kogí ní ìjọba ìbílẹ̀ 7: Lọ́kọ́jà, Kogí tí olú rẹ̀ jẹ́ Koton-Karfe, Kábà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Mùró, Yàgbà Ìlà-Oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn. Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Òkun. Ní Lọ́kọ́jà àti Koton-Karfe, èdè pọ̀ ju ẹyọ kan lọ: Nupe, Ẹ̀gbìrà, Haúsá, Igala àti Yorùbá lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Àwọn ìjọ Kristẹni ló kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀pọ̀ iléèwé girama múlẹ̀ níhìn-ín. Titcombe College ní Ẹ̀gbẹ̀, tí ìjọ SIM dá sílẹ̀ ní 1951, ń jẹ́ orúkọ Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ará Kánádà tó dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Níbẹ̀ ni Pius Adéṣanmí, ọmọ Ìsánlú, onímọ̀ lítíréṣọ̀ tó kú nínú ọkọ̀ òfúrufú Ethiopian Airlines ní oṣù kẹta ọdún 2019, ti kàwé. Ìjọ Kátólíìkì ló ni St. Augustine's College, Kábà, níbẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní iléèwé girama àwọn ọmọbìnrin sí Kábà pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ìlú ńlá àti ìlú kékeré ní iléèwé ìjọba ìpínlẹ̀, iléèwé tí ará ìlú fi owó ara wọn kọ́, àti iléèwé aládàáni.

Ìlànà ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ka ń tẹ̀ lé

Ìjọba àpapọ̀ gbé Ìlànà Orílẹ̀-Èdè lórí Ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà práìmárì, mẹ́ta girama kékeré, mẹ́ta girama àgbà, mẹ́rin yunifásítì) sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, UBE, tí wọ́n ṣe ní 2004, so ọdún mẹ́fà práìmárì àti ọdún mẹ́ta girama kékeré pọ̀. Àjọ NERDC ló ń kọ ohun tí wọn yóò kọ́ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ìlànà girama àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan. Ti 2025 dín sọ́bújẹ́ẹ̀tì kù, ó sì dín iṣẹ́ ọwọ́ náà kù sí 6, lára wọn ni rírán aṣọ, sísin ẹran, gbígbin ewébẹ̀ àti nǹkan ọ̀gbìn, títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, àti fífi iná oòrùn sílé.

Ìwé NERDC kò sọ ohun tí olùkọ́ Ìyàrá tàbí Odò-Ere yóò ṣe ní ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí òjò ń rọ̀. Ẹ̀ka ló ń sọ ìyẹn. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ ẹ̀ka máa ń jókòó pín orí-ọ̀rọ̀ sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á yọ ọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ̀sì àárín sáà àti ọ̀sẹ̀ ìdánwò kúrò, wọ́n á wo èyí tó le fún àwọn ọmọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n á sì fi àkókò kún un. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni olùkọ́ ń gbé nóòtì rẹ̀ fún olórí ẹ̀ka, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì lù ú ní òǹtẹ̀. Níbòmíràn, òǹtẹ̀ yìí ti di àṣà lásán: wọ́n ń lù ú láìka ìwé. Olórí ẹ̀ka tó mọṣẹ́ rẹ̀ kì í wo gígùn nóòtì. Ohun tó ń wá ni ibi tí olùkọ́ kọ ọ́ sí pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yóò ṣe nǹkan kan kí aago tó lù.

Ìdánwò náà ní tiẹ̀. Máàkì iṣẹ́ inú sáà àti ti ìdánwò ìparí sáà ni wọ́n ń rò pọ̀. Ọ̀pọ̀ iléèwé ń pín in sí 40 àti 60, tàbí 30 àti 70. Bí olùkọ́ méjì bá ń kọ́ kíláàsì kan náà ní apá A àti apá B, ẹ̀ka ló gbọ́dọ̀ rí i pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ṣe, àti pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ṣe máàkì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ apá A á máa gba 70 lórí iṣẹ́ tí yóò gba 50 lápá B, àwọn òbí á sì rò pé apá A ló mọ̀wé.

WAEC, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá girama, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ń gbé ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò jáde lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń sọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe dáadáa àti ibi tí wọ́n kùnà sí. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀ka lè fi tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láìná kọ́bọ̀, kò sí èyí tó tó o, síbẹ̀ àwọn ẹ̀ka tó ń kà á jọ nípàdé kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ.

Sáyẹ́ǹsì àti pírátíkà

Ibi tí iṣẹ́ ẹ̀ka ti ń hàn kedere jù ni iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní pírátíkà. Ní Kẹ́mísírì, akẹ́kọ̀ọ́ á fi pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì ìfami, fa álíkálì 20 tàbí 25 cm³ sínú ìgò, á kán methyl orange díẹ̀ sí i, ìyẹn aró tó ń yí àwọ̀ padà bí ásíìdì bá kàn án, omi náà á sì di àwọ̀ ìyeyè. Á wá máa ṣí ásíìdì sílẹ̀ láti inú búréètì, ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ní àmì ìwọ̀n lára, á máa fi ọwọ́ kejì mi ìgò náà, títí ẹ̀kán kan ṣoṣo yóò fi sọ ìyeyè di àwọ̀ ọsàn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù, omi náà á pọ́n rokoṣo, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ ka búréètì, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ojú omi tó tẹ̀ sínú. Bó bá dúró lókè wò ó, iye mìíràn ló máa kà. Bó bá kọ 24.5 dípò 24.50, ó ti pàdánù máàkì. Á ṣe é léraléra; nínú àwọn iye tó rí, èyí tí kò fi ju 0.20 cm³ yàtọ̀ síra nìkan ló lè fi wá ìpíndọ́gba.

Kò sí olùkọ́ tó lè fi ẹnu lásán kọ́ ọmọ ní èyí. WAEC máa ń fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú ìdánwò kí iléèwé lè pèsè kẹ́míkà àti ohun èlò, ibẹ̀ sì ni àwọn iléèwé kan ti ń gbọn eruku nù lára búréètì fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún. Ọmọ tó bá di ọdún kẹta girama àgbà kó tó di búréètì mú, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ̀ka tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní, ó ń pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ kí búréètì mẹ́rin lè yí ọmọ ogójì ká. Fún ìbẹ̀rẹ̀, síríǹjì tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ kúrò lè dípò pípẹ́ẹ̀tì. Omi ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò náà ń ṣiṣẹ́: ó ń pọ́n bí wọ́n bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì ń yí àwọ̀ padà sí ti ewé bí wọ́n bá da omi eérú sí i. Kì í ṣe ohun tí WAEC máa béèrè, àmọ́ ọmọ tó ti rí i nílé kì í tún bẹ̀rù kẹ́míkà inú ìgò.

Ẹ̀ka Yorùbá

Yorùbá tí WAEC ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lórí rẹ̀ pín sí èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Èrò àwọn kan ni pé ọmọ Òkun kò nílò olùkọ́ kankan fún un, nítorí Yorùbá ló ń sọ. Iṣẹ́ ẹ̀ka yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka-èdè ilé ni ọmọ Yàgbà tàbí Bùnú gbọ́ dàgbà, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìdánwò sì ń fẹ́, pẹ̀lú àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 àti àmì ohùn lórí rẹ̀. Olùkọ́ tó bá ń fi èdè ilé ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ń pa á lẹ́nu mọ́; ọmọ náà á dákẹ́, á sì sá lọ yan sọ́bújẹ́ẹ̀tì mìíràn, nítorí ní girama àgbà kò pọn dandan kó mú Yorùbá.

Ọ̀nà tó ń so èso ni kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́, kí ó tó jókòó kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ohùn dò, re, mí gbà á ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Etí ọmọ Òkun sábà mọ ohùn dáadáa. Fífi sórí ìwé ló ń dà á láàmú, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn márùn-ún péré. Ní ti àṣà, ohun tó wà nítòsí pọ̀: aṣọ híhun àwọn obìnrin Bùnú, egúngún, ìgbéyàwó, oyè jíjẹ. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó kì í sábà mẹ́nu kàn wọ́n, nítorí náà ẹ̀ka tó bá ní kí àwọn ọmọ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ wá, ń kọ́ wọn ní ìwádìí ṣíṣe, ó sì ń kó ìwé jọ fún ara rẹ̀.

Jọ́gíráfì, Ìtàn àti Ọ̀gbìn

Fún ẹ̀ka Jọ́gíráfì, agbègbè yìí fúnra rẹ̀ tó yàrá ẹ̀kọ́. Odò Ọya àti Bẹ́núé pàdé ní Lọ́kọ́jà, òkè Patti sì wà lókè ìlú tí ọmọ lè gùn kó wo ibi tí wọ́n ti dàpọ̀. Irin wà nínú ilẹ̀ Àgbàjà, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà ní Ọbájànà, àwọn òkè àpáta sì yí Kábà àti Ẹ̀gbẹ̀ ká. Lórí máàpù oníwọ̀n 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà méjì ni kìlómítà kan. Ọmọ tó ti fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà náà máa ń tètè mọ bí wọ́n ṣe ń ka máàpù.

Ìjọba àpapọ̀ dá Ìtàn padà sí iléèwé lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní ìlànà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ogun Nupe ní ilẹ̀ Òkun ní sẹ́ńtúrì 19, iṣẹ́ Samuel Àjàyí Crowther ní Lọ́kọ́jà, àti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1900 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fa àsíá wọn sókè níbẹ̀, wà lára ohun tí olùkọ́ lè kọ́ni láìrìn jìnnà.

Ẹ̀ka Ọ̀gbìn ní oko iléèwé, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kajú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ọ̀gbìn náà ti wà ní Kábà. Ohun tó ń ba iṣẹ́ ẹ̀ka yìí jẹ́ ni pé oko iléèwé ti di ibi tí wọ́n ń fi jẹ ọmọ níyà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ ló ń roko, ẹni tó jẹ́ ọmọ dáadáa kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè.

Àìtó olùkọ́ àti àwọn agùnbánirọ̀

Físíìsì àti Ìṣirò ni olùkọ́ wọn ṣọ̀wọ́n jù, pàápàá ní àwọn ìlú tó jìnnà sí títì. Ètò agùnbánirọ̀, NYSC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ń dí àlàfo náà díẹ̀. Asayà, ní Kábà-Bùnú, ni àgọ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Kogí wà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń bọ́ sí kíláàsì láti ibẹ̀. Àwọn kan lára wọn kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àwọn mìíràn jẹ́ ẹnjiníà tí kò dojú kọ kíláàsì rí. Ọdún kan ni wọ́n ń lò.

Níbi tí ẹ̀ka ti wà ní tòótọ́, agùnbánirọ̀ tó dé á bá fáìlì nílẹ̀: ètò iṣẹ́ sáà, ìbéèrè tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn pẹ̀lú ìdáhùn wọn, àkọsílẹ̀ ohun èlò tó wà ní yàrá pírátíkà, àti ibi tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan dé. Olórí ẹ̀ka á jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á sì bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn náà, kì í ṣe lójú àwọn ọmọ. Níbi tí kò sí, ẹni tuntun á bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní ìwé, àwọn ọmọ tó ti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kò sì ní sọ fún un. Àwọn iléèwé kan ti wá ń so ẹ̀ka wọn pọ̀, tí Ìṣirò àti Físíìsì ń ṣe ìpàdé kan náà, tàbí kí iléèwé méjì ní ìlú kan yá ara wọn ní olùkọ́ àti búréètì nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.